iOS 6 tàbí iOS 7: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ bá lórí iPhone tòkúnbọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó?

iOS ni ètò tó ń darí iPhone, òun náà ló ń pinnu ojú tí fóònù máa ní. iPhone 4, 4S àti 5 nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, torí orí àwọn mẹ́ta yìí lèèyàn ti lè bá ojú méjèèjì pàdé lọ́jà. 3GS ò lè gba iOS 7. 5c àti 5s ní tiwọn, iOS 7 ni wọ́n gbé wá sáyé. Bí ẹnì kan bá ní òun ní 5s tó wà lórí iOS 6, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

A ò ní sọ̀rọ̀ kámẹ́rà, a ò sì ní sọ bójú fóònù ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó ń wá irú fóònù yìí lásìkò tá a wà yìí, ì báà jẹ́ láti máa fi gbọ́ orin, láti fi ya fọ́tò tó dà bíi tàtijọ́, tàbí láti fi kún àwọn tó ti kó jọ, ti mọ gbogbo ìyẹn. WhatsApp àti áàpù báńkì ò ní ṣiṣẹ́ lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí náà kò sídìí láti fi wọ́n díwọ̀n. Ohun tó kù láti yàn ni ojú tí ẹ ó máa wò lójoojúmọ́, àti iye tí ojú yẹn máa ná yín.

Ojú méjì, ìjà kan

iOS 6 ni ojú tó ń fara wé ohun gidi. Ẹ ṣí Notes, ìwé aláwọ̀ ìyeyè onílà ni, etí ewé tí wọ́n ti fà ya sì ṣì wà lókè rẹ̀. Newsstand jẹ́ pẹpẹ onípákó. Game Center tẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé bíi ti tábìlì tí wọ́n ń ta káàdì lé. Find My Friends jẹ́ awọ tí wọ́n fi òwú rán létí. Scott Forstall ló ń darí ẹ̀ka tó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, Apple kéde pé ó ń lọ, wọ́n sì fa ojú fóònù lé Jony Ive lọ́wọ́, ẹni tó ti ń ṣe ara fóònù bọ̀ tipẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, iOS 7 ti jáde: pákó lọ, awọ lọ, òjìji lọ. Ó ku funfun báláú, lẹ́tà tín-ín-rín, àti àwọ̀ tó ń tàn yanran bí aṣọ ọmọdé.

Àwọn kan ní ara àwọn balẹ̀, pé kí ni awọ màlúù ń wá lórí gíláàsì. Àwọn mìíràn ní ojú ń ro àwọn, pé àwọn ò tiẹ̀ mọ ibi tí bọ́tìnì wà mọ́. Irú ìjà yìí náà ló tún bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2025 nígbà tí iOS 26 gbé ojú onídígí dé, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tí ojú pẹlẹbẹ ti mọ́ lára ló ń pariwo.

Ibo ni kí n tẹ̀?

Ohun tí ẹgbẹ́ kejì ń sọ kì í ṣe àríwísí lásán. Ẹ gbé fóònù méjèèjì síwájú, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣí wọn. Lórí iOS 6, "slide to unlock" wà nínú ihò gbọọrọ kan, bọ́tìnì tó ní ọfà sì jókòó sápá òsì ihò náà. Ọmọ ọdún mẹ́ta á fà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Lórí iOS 7, ihò ti lọ, bọ́tìnì ti lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ló kù tí ìmọ́lẹ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá, tí ìlà kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá tó jẹ́ ti Control Center, ibi tí wọ́n ti ń yára pa Wi-Fi tàbí tan án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ìka fa ìlà yẹn sókè, tí wọ́n ń rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé.

Inú áàpù náà ò yàtọ̀. Ohun tó ní etí tó sì yọ síta ni bọ́tìnì iOS 6. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù lásán ni ti iOS 7. Ẹ tún wo bọ́tìnì shift lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, pàápàá láti 7.1: ó di funfun, ó di eérú, ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì ló túmọ̀ sí lẹ́tà ńlá? Ìgbà tí iOS 9 dé, tí lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù fúnra wọn wá ń yí padà sí kékeré, ni ìbéèrè yẹn tó parí.

Bó bá jẹ́ iOS 7 ló bá yín, ó ṣe é tún ṣe díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo Settings, General, About. Bí Version bá kéré sí 7.1, èyí tó jáde lọ́jọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2014, ìdajì oògùn ò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 7.1 sókè, ẹ lọ sí Settings, General, Accessibility:

- Bold Text á sọ lẹ́tà di kíki; fóònù á pa ara rẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ tàn, ẹ má fòyà.
- Button Shapes á fi àwọ̀ eérú tàbí ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe é tẹ̀.
- Increase Contrast ní Darken Colors àti Reduce White Point nínú. Èkejì yìí ló ń pa funfun tó ń gún ojú.
- Reduce Motion wà fún ẹni tí òòyì ń kọ́. Nínú 7.0, bí áàpù ṣe ń fò wá pàdé ojú nígbà tí wọ́n bá ṣí i mú kí inú àwọn kan máa rú bí ẹni wọ ọkọ̀ gba ojú ọ̀nà tó burú. Láti 7.0.3, oṣù kẹwàá ọdún 2013, Reduce Motion sọ fífò náà di yíyọ́ pẹ̀lẹ́.

Ẹ wá rò ó wò: kí iOS 7 tó ṣe é wò fún ojú tó ti dàgbà, oògùn mẹ́rin la lò. iOS 6 ò bèèrè ẹyọ kan.

Ilẹ̀kùn tí wọn ò gbà padà

Ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, torí ibi tí owó ti ń rá nìyí.

iPhone kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ECID. Kí iOS kankan tó wọ orí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Apple kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí Apple bá buwọ́ lù ú, iṣẹ́ á lọ. Bí wọn ò bá buwọ́ lù ú, iTunes, ètò Apple tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ yìí, á dúró lágbedeméjì, á gbé error 3194 jáde. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tí iOS 7 jáde ni wọn ò buwọ́ lu iOS 6 mọ́ fún fóònù tó bá lè gba iOS 7. Ẹyin tó já bọ́ ni: ẹni tó tẹ Install lálẹ́, tó jí láàárọ̀, tó ní òun ò fẹ́ mọ́, kò sí ọ̀nà àbáwọlé tí Apple fọwọ́ sí.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń tà á máa ń sọ fi yẹ kó bà yín lẹ́rù: "A ti bá yín ṣe update ẹ̀." Oore ló pè é. Lórí iPhone 4, ó ti fi fóònù tó ń sáré pààrọ̀ èyí tó ń rákò, ẹ̀yin lẹ sì máa sanwó rẹ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó ya Version nínú About ní fọ́tò ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ sì tún fi ojú ara yín rí i kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ewu mẹ́ta ló kù:

Àkọ́kọ́ ni Wi-Fi. Fóònù tó bá wà lórí ṣájà àti Wi-Fi lè fa update wálẹ̀ láìbéèrè, kó jẹ gígábáìtì mélòó kan lórí fóònù 16GB, kó sì máa yọ yín lẹ́nu pé kẹ́ ẹ tẹ Install. Ọmọ ilé kan tó bá fi eré tẹ̀ ẹ́ ti parí ẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí router rẹ̀, kó dí mesu.apple.com pa níbẹ̀. Àdírẹ́sì yẹn ni fóònù ti ń bèèrè update.

Ìkejì ni Restore. Bẹ́ ẹ bá tẹ Restore nínú iTunes, iOS tó kẹ́yìn fún fóònù náà ló máa gbé wá: 7.1.2 fún iPhone 4, iOS 9 fún 4S, iOS 10 fún 5. Bẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ nu ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi síbẹ̀, ẹ lo Erase All Content and Settings nínú Settings, General, Reset. Ìyẹn ò ní yí iOS padà.

Ìkẹta ló ń mú ẹni tó rò pé òun gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó tẹ Erase yẹn, ẹ wò ó bóyá àmì aláwọ̀ búráùn kan tí wọ́n kọ Cydia sí wà lórí fóònù. Bó bá wà, wọ́n ti já a (jailbreak), ìyẹn ni pé wọ́n ti tú ìdè tí Apple fi dè é, wọ́n sì ti kó faili kan kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bẹ́ ẹ bá fi Erase nù ún, ó lè há sórí àmì ápù, kó máa kú, kó máa jí, kó má wọlé mọ́. Ọ̀nà tó kù láti jí i ni Restore, Restore náà ló sì máa gbé e kúrò lórí iOS 6. Irú fóònù bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ pa fọ́tò àti nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ṣì lè padà sẹ́yìn. iPhone 4 ní ihò kan tí wọ́n ń pè ní limera1n nínú bootrom, ìyẹn ètò àkọ́kọ́ tí fóònù ń kà bó bá ń tàn. Inú ṣíìpù ni ihò yẹn wà, kò sí update tó lè dí i. Fún 4S, ìbuwọ́lù 6.1.3 tí wọ́n ń lò fún update orí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní ṣíṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Legacy iOS Kit lórí Mac tàbí Linux ló sì ń lò ó. Ó gba àkókò, ó gba sùúrù, ó sì gba okùn 30-pin tí kò já lábẹ́. iPhone 5 ò ní ọ̀nà tó rọrùn bẹ́ẹ̀ sí iOS 6. Nítorí náà, 5 tó bá ṣì wà lórí 6, bí wọ́n bá bu owó lé e, ẹ má bínú sí wọn.

Kí n má parọ́ fún yín, ilẹ̀kùn yìí náà ló fi ihò kan sílẹ̀ lára iOS 6. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n rí àṣìṣe kan tó ń jẹ́ kí ẹni tó bá wà lórí Wi-Fi kan náà lè yọjú sí ohun tó yẹ kó wà ní bòókẹ́lẹ́. Apple fi 6.1.6 tún un ṣe, ṣùgbọ́n 3GS àti iPod touch ìran kẹrin nìkan ni wọ́n fún. Àwọn tó ní 4, 4S àti 5, wọ́n ní kí wọ́n lọ sórí 7.0.6. Ẹ má tẹ pásíwọọ̀dù pàtàkì kankan lórí iOS 6 níta.

iPhone 4, ẹ dákun

Ṣíìpù A4 àti RAM 512MB ló gbé e. Lórí iOS 7, Apple fúnra rẹ̀ yọ dídán bíi gíláàsì kúrò lórí rẹ̀, ó fi eérú gbígbẹ dípò. Ìyà ojú pẹlẹbẹ lẹ ó jẹ, ẹ ò sì ní rí ẹwà rẹ̀. 7.1 sáré ju 7.0 lọ, òótọ́ ni, kò sì tíì tó. Ẹ dán an wò lọ́jà: ẹ ṣí Messages, kẹ́ ẹ yára tẹ ogún lẹ́tà tẹ̀léra. Bí lẹ́tà bá ń tẹ̀lé ìka yín lẹ́yìn bí ẹni tó ń tiro, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa máa fara dà.

Àwọn yòókù, kíákíá

Control Center: iOS 7 borí, kò sí àríyànjiyàn. Lórí iOS 6, inú Settings lẹ ó máa lọ kẹ́ ẹ tó pa Wi-Fi.

Dídí nọ́ńbà tó ń yọni lẹ́nu pa: iOS 7 nìkan.

Fódà: ti iOS 7 ń gba áàpù láìníye ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án péré ló ń hàn lẹ́ẹ̀kan, ti iOS 6 ń fi 12 hàn lórí 4 àti 4S, 16 lórí 5.

Máàpù: àwọn méjèèjì ò dáa. Ti iOS 6 burú débi tí Tim Cook, tó ń darí Apple nígbà náà, fi tọrọ àforíjì.

Íntánẹ́ẹ̀tì: ìwé ẹ̀rí ààbò kan tí ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù gbára lé parí lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọ̀pọ̀ ojú ewé ò sì ṣí lórí 6 tàbí 7 mọ́.

Olè: iOS 7 ló mú Activation Lock wá, àgádágodo tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo fóònù láìsí pásíwọọ̀dù ẹni tó ni ín. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ wọ Settings, iCloud, kó pa Find My iPhone níṣojú yín pẹ̀lú pásíwọọ̀dù tirẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti gbàgbé pásíwọọ̀dù, ẹ má dúró gbọ́ ìyókù ìtàn rẹ̀.

Ta ni kó ra èwo

Àwọn méjèèjì ló ní ẹni tí wọ́n bá mu. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì mú, tó fẹ́ràn funfun, tó ń pa Wi-Fi tó sì ń tan án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, kó ra iPhone 5 tó wà lórí 7.1.2, fóònù yẹn gbé e dáadáa.

Ẹni tó bá ń rà á fún ìyá tàbí bàbá, fún orin, tàbí fún àkójọ, iOS 6. Ẹni tó bá ń ra iPhone 4, iOS 6, ohun yòówù kó jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra 4S tí kò sì tíì pinnu, kó mú iOS 6: láti ibẹ̀, ìka kan ṣoṣo lórí Install á gbé e kúrò nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n láti padà, á wá kọ̀ǹpútà, okùn, àti odidi ọ̀sán kan.