Ìtọ̀ tó ń já sí mi lára, àti ilé físíò àwọn obìnrin tí mo lọ ní Gwarinpa

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mejì lórí ìrun kan. Bí mo bá ti tẹ̀ láti forí kanlẹ̀, ìtọ̀ á já, àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tó wá di ọyẹ́, tí eruku Abuja ń mú mi wúkọ́ ṣáá, mi ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ọjà Wuse láìká ìró kejì sínú báàgì. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kílò 104 ni mo sì wọ̀n.

Mo kọ́kọ́ ra tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé. Ìgbẹ́ gbuuru ló fún mi. Mo ra bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń fún ikùn, ṣe ni ìtọ̀ túbọ̀ ń já bí mo bá ti dè é.

Ìgbà náà ni mo lọ sí ilé físíò, ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan ara. Ọmọdébìnrin tó gbà mí níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá, Mọ́mì ló ń pè mí. Ó ní kí n tọ̀ sínú ike kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ló fà á, wọ́n sì wo ṣúgà mi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ ìborùn mi. Ó di etí kan mú, èmi náà di ìkejì mú. Ó gbé piọ wọ́tà kan lé aṣọ náà láàárín, kò mira. Ó gbé ìkejì lé e, ìkẹta, ìkẹrin. Àárín aṣọ dẹ̀, ọwọ́ ń ro mí. Ó ní, “Mọ́mì, bí iṣan ìsàlẹ̀ yín ṣe rí nìyí. Ó tẹ́ láti egungun iwájú dé egungun ìdí, òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun dúró. Ọmọ bíbí ti dẹ̀ ẹ́, ọ̀rá ikùn tún ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá wúkọ́, ẹ ti fi piọ wọ́tà kan kún un nìyẹn.” Ó yọ méjì kúrò, ó ní bí mo bá fọn nìyẹn; ó ní kí n fa aṣọ náà kó le, ó ní bí mo bá ń fún iṣan náà nìyẹn. Ọjọ́ yẹn lojú mi là. Dókítà méjì ti rí mi ṣáájú, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé kankan fún mi.

Ó ní kí n ṣe bí ẹni tí ìsó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín èrò, kí n fa iwájú náà mọ́ ọn, kí n má fún itan, kí n má séèémí. Mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Mo so ó mọ́ Àsùbá, Àlàásárì àti Ìṣáì. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, itan ni mo ń fún. Ó gbọ́wọ́ lé mi níkùn, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Wọn ò gba àmàlà lọ́wọ́ mi, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Èyí tó tó ìkúùkù mi ni mo ń jẹ, ẹ̀fọ́ á sì pọ̀. Mínírà àti másà alẹ́ ni mo pa tì. Omi tí mo ti ń sá fún, ó ní kí n padà mu ún, torí ìtọ̀ tó bá ki a máa yọ àpò ìtọ̀ lẹ́nu, bí èèyàn bá sì ń fi agbára yàgbẹ́ líle, ìsàlẹ̀ ló ń jìyà ẹ̀.

Ó sọ ìwádìí kan fún mi tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009, lórí obìnrin 338 tó sanra. Láàárín oṣù 6, àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ dáadáa láti fọn dín ìdá 8 nínú 100 ara wọn kù, ìtọ̀ tó ń já sì dín ní ìdá 47 nínú 100. Fún àwọn tí wọ́n kàn dá lẹ́kọ̀ọ́ lásán, 28 ni.

Oṣù kẹfà tèmi rèé: kílò 96. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ló ń já tẹ́lẹ̀; ó ti di bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí mo bá sín láìtíì fún ìsàlẹ̀. Àlùwàlá kan ṣoṣo ni mo fi ń kírun báyìí.

Owó wọn wọ́n: ₦20,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ₦12,000 nígbà kọ̀ọ̀kan. Òkè kejì ni wọ́n wà, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà, bẹ́ẹ̀ àwa tí orúnkún ń dùn ni wọ́n ń tọ́jú. Ó yẹ kí wọ́n ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, tí ilé ọmọ rẹ̀ ti yọ síta, wọ́n sọ fún un tààrà pé ara fífọn nìkan ò lè dá a padà, wọ́n kọ̀wé lé e lọ́wọ́ sí dókítà, wọn ò sì gba kọ́bọ̀.