append, vstack, hstack tàbí concatenate: èwo ni kí ẹ fi so àwọn àmì x, y, z pọ̀ nínú NumPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python)?

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, àsìkò àti mẹ́mọ́rì lẹ máa fi sanwó. Dátà LiDAR (ẹ̀rọ tó ń fi lésà wọn ibi tí nǹkan wà) ni mo fi ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ti gba ọwọ́ mi kọjá.

Ẹni tó bá ti mọ list Python dáadáa, np.append ló máa ń kọ́kọ́ wù ú. List kàn máa ń gba tuntun sẹ́yìn ni. Ti np.append yàtọ̀: gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é ló ń da ti àtijọ́ àti tuntun kọ sínú array (àtẹ nọ́ńbà NumPy) mìíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní frame (àmì tí LiDAR kó lẹ́ẹ̀kan) 100 ni, àmì 100,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, float32 (báìtì mẹ́rin fún nọ́ńbà kan). MB 1.2 ni frame kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 120. Tí append bá wà nínú loop, á ti da bíi MB 6,000 kọ kó tó parí. Kóòdù kan tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ tún fi np.empty((0, 3)) bẹ̀rẹ̀. Float64 (báìtì mẹ́jọ) nìyẹn bí ẹ ò bá sọ nǹkan mìíràn fún un, gbogbo float32 tó bá sì kàn án á di float64: MB 6,000 di 12,000. Kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹ, èmi náà ń mí hẹlẹ. Ẹ tún wá gbàgbé axis=0 (tó ní kó tò wọ́n léra) wò: (N, 3) yín, ìyẹn ìlà N tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní x, y, z, á tẹ́ di ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo, kò sì ní figbe ta.

hstack: ó ń so wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wà fún ẹni tí dátà ẹ̀ jẹ́ (3, N), tàbí tó fẹ́ fi àwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì.

vstack, tó ń tò wọ́n léra, ò burú rárá. Àmì kan ṣoṣo tó jẹ́ (3,), á sọ ọ́ di (1, 3) fúnra ẹ̀. Concatenate ò ní gbà á mọ́ àwọn (N, 3).

concatenate: ẹ kó àwọn frame sínú list Python, kí ẹ so wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

cloud = np.concatenate(frames, axis=0)

MB 120 náà nìkan ló máa dà kọ. Láti NumPy 1.20, ẹ lè fi dtype=np.float32 (irú nọ́ńbà tí ẹ fẹ́) há a lọ́wọ́. Bí fáìlì KITTI (dátà ìwádìí ọkọ̀ tó ń wa ara ẹ̀) tó jẹ́ (N, 4) bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín àwọn (N, 3), ojú ẹsẹ̀ ló máa pariwo. vstack náà á pariwo, torí concatenate ló ń pè lábẹ́lẹ̀.

Oníkálukú ló mọ èyí tó bá iṣẹ́ ẹ̀ mu: vstack fún àmì díẹ̀, concatenate fún ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun yẹ kóòdù wò, kó kọ́kọ́ yọ append kúrò nínú loop.