Ẹ ṣọ́ra o! Ìràwọ̀ márùn-ún tẹ́ ẹ ń rí lára gémù yẹn, wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ra gémù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PS4 àti PS5 tẹ́ ẹ máa ń ra àkáǹtì tí gémù ti wà nínú ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀ orí Instagram àti WhatsApp, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kan wà táwọn oníjìbìtì ń lò báyìí, rífíù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń sọ nípa ọjà, ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tí wọ́n bá sì lù ní jìbìtì gan-an ni wọ́n máa ń lò láti fi lu ẹlòmíì.

Bó ṣe ń lọ rèé. Fẹ́ńdọ̀ á gbé gémù síta ní iye tó kéré sí ti PlayStation Store fúnra ẹ̀, nígbà míì kì í ju ìdajì lọ. Ẹ bá yẹ ojú ewé ẹ̀ wò, rífíù rẹpẹtẹ, fídíò àwọn ọmọkùnrin tó mú páàdì dání tí wọ́n ń sọ pé "ọ̀gá yìí ò kí ń ṣe 419 o, mo ti gba tèmi". Ẹ sanwó. Kó tó wá fi lọ́gíìnì ránṣẹ́, á ní òfin òun ni pé kí kọ́sítọ́mà kọ́kọ́ fún òun ní ìràwọ̀ márùn-ún, kó ṣe fídíò kékeré kan, kó sọ pé òun ti rí ọjà òun gbà. Ẹni tówó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Á ṣe é ni. Wọ́n á fún un ní lọ́gíìnì lóòótọ́, gémù á ṣí, á máa gbá a, inú ẹ̀ á dùn, tó bá wá ṣe díẹ̀ sí i wọ́n á yí pásíwọ́ọ̀dù padà mọ́ ọn lórí, torí àkáǹtì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń tà kiri fún gbogbo ayé. Ó bá lọ pariwo lójú ewé wọn, fídíò tó fẹnu ara ẹ̀ ṣe ni wọ́n máa gbé síta, "ẹ wò ó, ṣé òun kọ́ ló ń sọ pé òun ti gbà á?" Ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn, ẹnu ọmọ náà wọhò.

Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé irọ́ kọ́ ni ọmọ yẹn ń pa nínú fídíò ẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣe é, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àwọn yòókù tó wà lójú ewé yẹn. Mi ò dárúkọ fẹ́ńdọ̀ náà torí pé orúkọ ò wúlò, wọ́n ń yí i bí ẹní ń yí aṣọ, ọgbọ́n náà ni kẹ́ ẹ dá mọ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè rífíù kẹ́ ẹ tó lo ọjà, ẹ gba owó yín padà tó bá ṣì ṣeé gbà, ẹ máa lọ.

Ẹ má wá rò pé àwọn ọmọ adúgbò wa nìkan ló ń ṣe é o. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gémù náà ń ṣe é, lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù gémù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo wa rò pé ibẹ̀ ni ojúlówó rífíù wà. Lọ́dún 2018 ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Insel Games kọ̀wé sáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n lọ ra gémù ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ á dá owó wọn padà, kí wọ́n sì kọ rífíù sábẹ́ ẹ̀. Ó dà bíi kí ìyá oníràìsì kó àwọn ọmọ ẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa lá ìka kí oníbàárà lè yà. Àṣírí tú, Valve tó ni Steam sì kó gbogbo gémù wọn kúrò lórí igbá. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2016, àwọn kan ń pín kóòdù ọ̀fẹ́ fáwọn tó máa kọ rífíù dídùn, débi pé Valve ní rífíù ẹni tó bá fi kóòdù tó gbà níta ṣí gémù ò ní wọnú ìṣirò mọ́. Ẹ ṣì lè kà á, àmọ́ kì í kún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè ojú ewé gémù náà.

Àwọn yẹn ń wá owó lásán ni. Àwọn míì wà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín gan-an ni wọ́n ń wá. February 2025 ni gémù kan tó ń jẹ́ PirateFi wọ Steam, ọ̀fẹ́ ni, rífíù tó dáa wà lábẹ́ ẹ̀, kò sóhun tó máa fu èèyàn lára. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi yọ ọ́. Olè ni wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀, tó ń jí pásíwọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tó wà nínú bíráúsà èèyàn. Valve fúnra wọn ló kọ̀wé sáwọn tó ti ṣí i pé kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n rò ó bóyá kí wọ́n nu gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tún Windows gbé sí i. BlockBlasters wá kọ́gbọ́n ju ìyẹn lọ. Ìparí July ọdún yẹn kan náà ló jáde, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ nígbà yẹn, àwọn èèyàn gbá a, wọ́n yìn ín. Ìparí August ni update kan wọlé, update yẹn ló gbé olè wá, kó sì tó di September tí wọ́n yọ ọ́, ọkùnrin kan tó ní àrùn jẹjẹrẹ, tó ń gbá gémù káwọn èèyàn máa wò ó kó lè kówó ìtọ́jú jọ, wọ́n ti kó crypto tó ju 30,000 dọ́là lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó kọ rífíù ní August ò purọ́. Gémù tí wọ́n gbá kọ́ lẹ ń dáńlóòdù ni, ẹ̀yin ará. Déètì rífíù ṣe pàtàkì ju ohun tó sọ lọ nígbà míì.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tọ́rọ̀ yìí fi dùn mí jù fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó wà lóyìnbó, tí rífíù bá tàn án jẹ, á ní òun fẹ́ gba owó òun padà, Steam máa ń dá a padà tó bá ṣì wà láàárín ọjọ́ 14 téèyàn ò sì tíì gbá a pé wákàtí méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dátà ń kọ́? Gémù bíi Call of Duty tó lè ju 100GB lọ, tẹ́ ẹ fi òru méjì mẹ́ta dáńlóòdù, tí NEPA mú iná lọ láàárín ẹ̀ tẹ́ ẹ fi tan jẹnẹrétọ̀, ta ló fẹ́ dá ìyẹn padà? Dọ́là ni Steam fi ń pe iye ọjà fún wa, ká tún máa fi náírà ra dátà àti epo lé e lórí. PlayStation tiẹ̀ le jù, tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáńlóòdù báyìí, ó ti parí nìyẹn, àfi tí gémù náà bá bàjẹ́. Ìràwọ̀ lásán ló sì wà lórí PlayStation Store, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ ẹ̀ téèyàn lè kà.

Ṣé ká wá máa ka rífíù mọ́ ni? Rárá o, ẹ máa kà á. Àwọn tó ń gbá gémù ti gba èmi alára lọ́wọ́ ìnáwó tí ò wúlò lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ rántí Cyberpunk 2077 lóṣù December 2020, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fún àwọn oníròyìn káàkiri ayé kó tó jáde, ọ̀pọ̀ wọn fún un ní máàkì tó gbàyì, àwọn tó rà á sórí PS4 ló fi fídíò hàn wá pé ó ń dákú, ó ń fò, èèyàn ń rìn wọnú ògiri. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony tó ni PlayStation fi yọ ọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, June 2021 ló tó padà débẹ̀. Tàbí eFootball 2022 tí Konami fi rọ́pò PES, gémù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa fi dàgbà (inú ń bí mi síbẹ̀), 30 September 2021 ló jáde, lọ́jọ́ kan náà àwọn ará Steam ti sọ ọ́ dojú ẹ̀, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì Konami ti ń tọrọ àforíjì.

Èyí tó kàn wá jù ni Helldivers 2. May 2024, Sony ní dandan ni kí àwọn tó rà á lórí Steam so ó mọ́ àkáǹtì PSN, ìyẹn àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti PlayStation. Nàìjíríà ò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí PSN ń jẹ́ kéèyàn fi ṣí àkáǹtì, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń fi Amẹ́ríkà tàbí London ṣí tiwa. Àwọn èèyàn kọ rífíù burúkú tó ju 200,000 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sony bá fi dandan náà sílẹ̀. Ẹni tó bá wo ìdá yẹn nìkan á sọ pé gémù yẹn ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ gémù náà dùn, ohun tí wọ́n ń bínú sí yàtọ̀.

Àmọ́ ìbínú náà máa ń ṣi ọ̀nà. The Last of Us Part II jáde ní 19 June 2020, ó lé ní wákàtí ogún kéèyàn tó gbá a tán, kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn òdo ti kún orí Metacritic, wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti ń kó máàkì gémù jọ. Ìgbà wo ni wọ́n gbá a? Metacritic wá ní kẹ́nikẹ́ni dúró di wákàtí 36 lẹ́yìn tí gémù bá jáde kó tó lè fi máàkì sí i.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rífíù rí. Lórí Steam ó kéré tán ẹ máa rí wákàtí tẹ́ni náà ti gbá a, ẹni tó gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń yìn ín bí ọlọ́run, ẹ fò ó. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ló gbà á. Èyí tó bá kọ "ìyàwó mi ti kọ̀ mí sílẹ̀ nítorí gémù yìí, 10/10", ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kọjá lọ. 80% tẹ́ ẹ ń rí lókè kì í ṣe pé gémù náà gba 8 nínú 10 o, ohun tó ń sọ ni pé nínú èèyàn 100, 80 ní kẹ́ ẹ rà á, bó dùn díẹ̀ bó dùn gan-an, ọ̀kan náà ni wọ́n kà á sí. Èmi, àwọn tó ní ká má rà á ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, àwọn tó gbá a pẹ́ nínú wọn, torí pé ẹni tó gbá gémù fún wákàtí 60 tó wá ní ká má rà á, á sọ ohun tó ṣe é. Tó bá ní ó ń dákú lórí kọ̀ǹpútà tí RAM ẹ̀ ò tó 16GB, tàbí pé kò ṣeé gbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn gidi nìyẹn fún wa ju ìràwọ̀ ẹgbẹ̀rún lọ.

Ní ti òfin, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti fòfin de títa àti ríra rífíù èké láti October 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn ní April 2025. Níbí, òfin FCCPC (àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà) ti 2018 ò gbà kí oníṣòwò máa fi irọ́ polówó ọjà, ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, àmọ́ fẹ́ńdọ̀ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní orúkọ ju nọ́ńbà WhatsApp lọ, mi ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ mú. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tẹ́ ẹ sanwó sí ló lágbára jù lọ́wọ́ yín, ẹ tètè gbé e lọ sí báǹkì yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹni tí wọ́n bá ti ní kó ṣe fídíò kó tó rí lọ́gíìnì gbà, kó fi screenshot ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ síbí, ẹ bo nọ́ńbà tiyín kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ má bo tiwọn.