Àfòpiná sányán àbí yímíyímí àdìrẹ: èwo ni kí ẹ ra?

Ẹni tó bá ń wá ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n fi aṣọ rán bíi kòkòrò tàbí ìyẹ́ ẹyẹ, oríṣi méjì ni mo mọ̀ dáadáa: èyí tí wọ́n fi ajákù òfì rán, àti àdìrẹ tí wọ́n ki òwú sí nínú. Òfì tí wọ́n fi fọ́nrán tí kòkòrò pọ̀ hun ni sányán; mo ní àfòpiná sányán kan tí mo fi ń de híjáàbù. Mo ní yímíyímí àdìrẹ náà, àmọ́ inú dúróọ̀ ló ń gbé.

Ká má purọ́, àdìrẹ mọ kòkòrò yà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá, tó mú ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún, á ya ẹsẹ̀ kòkòrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú ìwo rẹ̀ sára aṣọ. Ìlà ni òfì mọ̀ ní tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń sọ ọ́ di ìyẹ́ àfòpiná.

Àdìrẹ fúyẹ́. Yẹtí òfì a máa fa etí. Ní ti píìnì ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yí i padà wò: rírán ni kí wọ́n rán an, kì í ṣe gọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ aró ló wá kù. Ọjọ́ wòlímọ̀ ọmọ àbúrò mi, léèsì funfun ni mo wọ̀, mo fi yímíyímí àdìrẹ mẹ́ta sọ́rùn. Ẹ mọ bí oòrùn Ìlọrin ṣe ń rí lóṣù kẹta. Kí àlùfáà tó ṣe àdúrà tán, òógùn ti ṣiṣẹ́: yímíyímí mẹ́ta ti jókòó sí àyà léèsì mi, tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ní àwọ̀ búlúù. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ẹni tó búra pé òun ti fọ̀ ọ́ dáadáa. "Ẹ má bínú, mọ́mì, ẹ fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́." Mo rẹ ẹ́. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Bó ṣe rí nìyí. Aró ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán. Nínú ìkòkò aró ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ohun tó lè wọ inú òwú. Bí wọ́n bá yọ aṣọ jáde, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ló ń di búlúù. Èyí tó wọnú òwú kò lọ mọ́. Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ló ń ràn mọ́ nǹkan, àfi kí aláró ṣàn án títí omi á fi mọ́. Tí wọn ò bá ṣàn án kí wọ́n tó rán an, ta ló fẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́? Òwú inú rẹ̀ á dì, píìnì á dípẹtà. Nítorí náà, ẹ rẹ áńkáṣíìfù funfun sómi, kí ẹ fi ra ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Olóòótọ́ ò ní bínú.

Sányán gidi ò ní aró kankan. Àwọ̀ igi yẹn, bí kòkòrò ṣe pọ̀ ọ́ nìyẹn, wọ́n kàn sè é ni wọ́n ran án. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n pa láró pọ̀ tí wọ́n ń pè ní sányán. Ẹ tọrọ fọ́nrán kan, ẹ ṣáná sí i. Sányán á rùn bí irun tó jó, eérú rẹ̀ á rún. Òwú lásán á rùn bíi bébà. Ti ọ̀rá á yọ́, á dì bíi ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn kan tún ń lẹ ìtẹ́ kòkòrò náà ní tútù mọ́ ọn fún ẹwà: ẹ má fi kan ọrùn, irun inú rẹ̀ a máa yúnni lára gan-an.

Owó sányán ga, mi ò jiyàn. Mi ò sì gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹni tó ń wọ aṣọ dúdú, tàbí tó fẹ́ fi gíláàsì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀, kó ra àdìrẹ láìfòyà. Ẹni tó bá ní léèsì funfun nílé, kó lọ bá ahunṣọ, kó béèrè ajákù sányán.