Aránṣọ tó wọn Àjàní lórí bẹ́ǹṣì

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ gun ẹṣin ní Ojúde Ọba, ọdún tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, tí ẹ sì ń gbé Epe bíi tèmi, ẹ má wulẹ̀ wá aránṣọ lọ sí Èkó. Bàbá kan wà lẹ́yìn ọjà Ayétòrò níbí, ṣọ́ọ̀bù wọn ò ní pátákó. Àwọn ló rán aṣọ tí Àjàní, àkọ́bí mi, wọ̀ nígbà tó bá àwọn ará ilé bàbá mi gun ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òdé, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 2025.

Àkọ́gùn rẹ̀ nìyẹn. Láti 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba, ti kún orí fóònù gbogbo ènìyàn ni ọmọ yìí ò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn ìdílé balógun kì í fi ọ̀rọ̀ ẹṣin ṣeré rárá; wọ́n ń bá ara wọn díje, ojú gbogbo ìlú sì wà lára ẹni tó jókòó sórí gàárì.

Mo rò pé Bàbá á kàn na téèpù sí i lára ni. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gun bẹ́ǹṣì yẹn bí ẹní gun ẹṣin. Na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ṣe bí ẹni pé o fi òsì di ìjánu mú.” Orí ìjókòó yẹn ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní agbádá tó bá ẹni tó dúró mu lè ká ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́ kò. Ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ ni wọ́n rán sí i, àárín itan rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Wọ́n la ẹ̀yìn agbádá kó lè tẹ́ sẹ́yìn gàárì, wọ́n wá gán bọ́tìnnì kékeré kan sínú èjìká ọ̀tún tí apá agbádá á máa há sí, kó má baà já bọ́ bó bá na ọwọ́.

Ní ti aṣọ ẹṣin, wọ́n fún wa ní okùn, wọ́n ní ká lọ fi wọn ẹṣin náà láti ọrùn dé ìdí ìrù, ká so kókó síbi tí gàárì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àrán ni mo fẹ́. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ooru á pa ẹranko. Dàmáàsìkì aláwọ̀ aró ni wọ́n lò, wọn ò jẹ́ kó dé orúnkún ẹṣin, kó má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦210,000. Olùkọ́ ni mí, owó ńlá ni lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni àdéhùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún wa. Ọjọ́bọ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ tó di Iléyá, aago mọ́kànlá alẹ́ la tó gbà á. Ìkánjú yẹn sì hàn lára iṣẹ́: òwú aláwọ̀ wúrà tó ń fì létí aṣọ ẹṣin tú lápá òsì kí a tó wọ ojúde. Àbúrò mi obìnrin ló fi abẹ́rẹ́ gán an lórí ìdúró.

Nígbà tó kan ìdílé wa, ìbọn ṣakabùlà dún, ẹṣin gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Àyà mi já. Àjàní fi òsì fa ìjánu, ó tẹ̀ síwájú, ó wá na ọ̀tún sókè kí àwọn àgbà. Apá agbádá náà dúró gbọin lórí èjìká. “Àjàní, ọkọ mi! Àjàní o!” Mo ké títí ohùn fi há mọ́ mi lọ́fun. A ò gba ipò kìíní, ẹkún ayọ̀ ni mo sun délé.

Ẹ tètè lọ, ó kéré tán oṣù méjì kí Iléyá tó dé, kí ẹ sì yẹ gbogbo etí aṣọ wò kí ẹ tó san owó tó kù. Èmi ti san àsansílẹ̀ tọdún tó ń bọ̀. Okùn oníkókó wa ṣì ń rọ̀ lára ògiri Bàbá.