Àwọn tó kó wa lọ kọ́ Faransé ní Lómé: ẹ bá wọn lọ, àmọ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi yín sí hósítẹ̀lì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bi mí léèrè ní WhatsApp nípa àwọn ejẹ́ńtì Àkúrẹ́ tó ń kó ọmọ iléèwé lọ Lómé, olú ìlú Tógò, fún kọ́ọ̀sì Faransé ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ nígbà họ́lídè, ìdáhùn mi rè é. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ lọ, ó dáa gan-an ni, àmọ́ ibi tí wọ́n bá fi yín wọ̀ sí ló máa sọ bóyá owó yín ṣiṣẹ́ àbí ó wọgbó.

Ìrìnàjò ò le. Bọ́ọ̀sì wọn dáa, láti Àkúrẹ́ a gba Èkó, Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀, a la Bẹ̀nẹ̀ já dé ẹnubodè Hilla-Condji, a wọ Tógò, ẹ rántí yí aago yín padà torí aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Kò sí wàhálà fíísà, ọmọ ECOWAS lè jókòó fún 90 ọjọ́ láìgba fíísà, pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì (káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú) ni wọ́n ń béèrè, àwọn ejẹ́ńtì sì ti yẹ̀ ẹ́ wò fún kálukú wa ká tó kúrò nílé, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni pé wọ́n ti ní gbogbo ẹ̀ wà nínú owó tá a san, a dé ẹnubodè wọ́n tún ní ká dáwó. Ẹni tí bàbá ẹ̀ yáwó kó tó lè lọ, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Hósítẹ̀lì tí wọ́n kọ́kọ́ kó wa sí, ọmọ Nàìjíríà lásán ló kún ibẹ̀. Láàárọ̀ tíṣà á bá wa sọ Faransé, tíṣà yẹn mọṣẹ́. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tá a padà dé, Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, à ń se indomie, à ń wo fóònù, ilẹ̀ á ṣú ilẹ̀ á mọ́. Kí lèèyàn wá lọ ṣe ní Tógò nígbà yẹn? Àwa kan bá lọ bẹ àǹtí tó ń bójú tó wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wá ilé àwọn ará ibí, wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí nínú ètò, nígbà tó yá wọ́n gbà, ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá Lómé, ni wọ́n fi èmi sí.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Faransé. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wọn ò gbọ́, Mina, èdè ìbílẹ̀ wọn, àti Faransé ni wọ́n ń sọ. Ní kíláàsì wa ní Oǹdó, tó o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ wàá dákẹ́, ẹlòmíì á nawọ́ á dáhùn. Nílé màmá ò sí ẹlòmíì o. Ebi ń pa ẹ́, wàá sọ. Inú ń run ẹ́, wàá sọ, wàá sì sọ bó ṣe ń ṣe ẹ́ gan-an torí wọ́n fẹ́ mọ òògùn tí wọ́n máa rà. Tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ ọjà mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ìyá olọ́jà dáadáa, bíi tilé wa náà ni, ẹni tí ò bá kí èèyàn kó tó béèrè iye ọjà wọn ò ní fojúure wò ó, lẹ́yìn ìyẹn la ó wá nájà, ibi tí nọ́ńbà Faransé ti ń dà mí láàmú nìyẹn, soixante-quinze (75), quatre-vingt-quinze (95), ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n kọ sínú ìwé, àmọ́ kí ìyá kan máa yára sọ ọ́ sí ẹ létí nínú ariwo ọjà, tówó CFA sì wà lọ́wọ́ ẹ, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kí n tó kúrò níbẹ̀ wọ́n ti ń bá mi yọ 200 CFA. Lọ́jọ́ Sunday kan wọ́n ń gún iyán, èmi ọmọ Oǹdó gba ọmọ odó lọ́wọ́ wọn, inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí kì í ṣe Kútọnu tó súnmọ́ wa. Kútọnu ò burú, àmọ́ ó rọrùn jù fún ọmọ Yorùbá, ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wàá rí ẹni bá sọ Yorùbá láti ọjà dé mọ́ṣáláṣí. Abúlé Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991 náà ń gbìyànjú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwa tá à ń ka Faransé ní yunifásítì ń lọ, àmọ́ tó o bá ti jáde ní géètì, Ègùn àti Yorùbá ni wọ́n máa fi kí ẹ.

Nígbà tí mo padà dé, kì í ṣe gírámà ló yàtọ̀ o. Subjonctif ṣì ń dà mí láàmú bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ò lè tún ìyẹn ṣe, ẹ má jẹ́ kí ejẹ́ńtì kankan tàn yín. Etí mi ló là. Lẹ́kíṣọ̀ ń ka dictée (àpèkọ) mo ń bá wọn lọ, mo ń gbọ́ ìròyìn RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, mo sì ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Mo tún rí iṣẹ́ tí èdè yìí lè ṣe: àwọn oníbàárà màmá kan ń ti Èkó wá ra aṣọ, èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn, ẹnì kan tiẹ̀ fún mi lówó. Ṣé ẹ rí i, Bẹ̀nẹ̀, Niger, Chad, Cameroon, gbogbo àwọn tó yí wa ká ló ń lo Faransé.

Sàtífíkéètì tí wọ́n máa fún yín kì í ṣe DELF o. DELF ni ìdánwò tí ìjọba ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí, láti A1 dé B2, ọ̀tọ̀ lowó ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rísíìtì pé ọ̀dọ̀ ẹbí kan ní Lómé lẹ máa wọ̀ sí, kí wọ́n sì kọ owó ẹnubodè mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ní hósítẹ̀lì nìkan ló kù, ẹ dúró de họ́lídè tó ń bọ̀.