Past Question àbí Ìwé Tó Ń Sọ Ìdí: Èwo Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Rà?

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Kò sí ọdún tí àwọn òbí láti Kàbà dé Ìsánlú kì í bi mí ní ìbéèrè yìí, bí ọmọ wọn bá ti wọ ilé-ìwé nọ́ọ̀sì: "Sista, ìwé wo la tún máa rà fún un yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ fún wa?" Owó kajú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ fi rà á. Ó yẹ kí owó náà balẹ̀ síbi tó dáa.

Ohun mẹ́ta ló wà lọ́jà: ìwé past question, ìwé àtúnyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún NCLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà, àti ohun tó wà lórí fóònù. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Past question ò wọ́n, ó fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kéèyàn mọ bí Council, ìgbìmọ̀ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà, ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àmọ́ ta ló dáhùn àwọn ìbéèrè inú rẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti jìyà.

Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò Council, mo ra ọ̀kan tó jẹ́ fótòkọ́pì látòkè délẹ̀, kò sí orúkọ òǹkọ̀wé, kò sí ọdún. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: aláìsàn fẹ́ gba omi 1,000 mL láàárín wákàtí 8, ẹ̀kán 20 ni giving set (rọ́bà tí omi ń gbà wọ ara) fi ń ṣe mílílítà kan, ẹ̀kán mélòó ló máa kán ní ìṣẹ́jú kan? Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé ni 31. Mo kọ́ ọ sórí bẹ́ẹ̀, torí wọn ò fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn.

Ẹ bá mi ṣe é. 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Tí ẹ bá pín in, 41.67 ló máa jẹ́, ìyẹn 42. Giving set tó ń kán ẹ̀kán 15 ló ni 31 yẹn. Ẹnì kan ti yí ìbéèrè padà, kò sì yí ìdáhùn. Bí nọ́ọ̀sì bá fi 31 sí i lára aláìsàn, omi tó yẹ kó tán ní wákàtí 8 máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 11. Nínú ìwé yẹn kan náà, àmì kékeré tó wà nínú digoxin (oògùn ọkàn) 0.25 mg ti parẹ́ nínú fótòkọ́pì, ó wá dà bíi 25. Mo fìdí rẹmi nínú pépà yẹn. Mo tún owó ìdánwò san, mo sì jókòó sílé títí ìdánwò mìíràn fi dé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́.

Ìwé NCLEX ni mo fi múra ìkejì. Ohun tó yàtọ̀ nínú rẹ̀ ni pé kì í kàn sọ pé C ni ìdáhùn. Ó máa ń sọ ìdí tí C fi tọ́, á sì sọ ìdí tí A, B àti D ò fi tọ́. Lórí digoxin yẹn, ó ní kí o fi ìṣẹ́jú kan gbáko gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù ní àyà kí o tó fún àgbàlagbà, tí kò bá tó 60, kí o dá a dúró, kí o sì pe dókítà. Ó wá ṣàlàyé pé oògùn náà ń dín bí ọkàn ṣe ń sáré kù. Ẹni tó mọ ìyẹn, bí Council bá yí ìbéèrè náà po, kò ní ṣìnà.

Ó ní àléébù o. Ó wọ́n: owó ẹyọ kan lè ra past question mẹ́rin. Ó wúwo. Acetaminophen ni wọ́n ń pe paracetamol, epinephrine ni adrenaline, albuterol ni salbutamol. Mg/dL ni wọ́n fi ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi 18 pín in kí ẹ tó rí mmol/L, òṣùwọ̀n kejì tí wọ́n fi ń ka ṣúgà. Ibà kò sì gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀, ìwé ilé-ìwé lẹ máa fi dí ibẹ̀.

Tókúnbọ̀ dáa, àmọ́ ẹ ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé orúkọ ìwé, kí ẹ wo ọdún. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni NCLEX ti yí ìbéèrè rẹ̀ padà, tí wọ́n fi ìtàn aláìsàn kan bi ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ìwé tó dàgbà ju ìyẹn lọ lè má ní in. Èyí tó ti dàgbà ju 2010 lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á: A-B-C (ọ̀nà èémí, mímí, kí wọ́n tó tẹ àyà) ló ṣì máa kọ́ ọmọ yín fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ C-A-B (títẹ àyà ṣáájú) ni wọ́n ń ṣe láti ọdún yẹn.

Ti fóònù: ó dáa fún wíwá ọ̀rọ̀ kan kíákíá. Tí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ìwé mọ́.

Ṣé past question ni àbí ìwé tó ń sọ ìdí? Méjèèjì ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó lágbára méjèèjì, kó rà wọ́n, kó fi past question dán ara rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdánwò, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìṣirò inú rẹ̀. Ẹni tówó rẹ̀ ò ju ti ẹyọ kan lọ, kó ra èyí tó ń sọ ìdí, kó yá past question lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀, kó dá a padà nírọ̀lẹ́.

Ìwé NCLEX tèmi wà lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí ní Ẹ̀gbẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò omi, mo fi bírò pupa kọ 42 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Ó bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí mo fi kọ ọ́ tóbi tó bẹ́ẹ̀.